Ṣáwà tí ó ń jò àti ilẹ̀kùn gíláàsì àtijọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé tí bàbá wa kọ́ ní 1986 ni èmi àti ìyá wa ń gbé, balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ni wọ́n ń lò nítorí pé orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ìṣòro mẹ́ta ló wà nínú balùwẹ̀ yìí, n kò sì mọ̀ bóyá ọ̀kan ló bí èkejì tàbí kálukú ló ń ṣe tirẹ̀.

Orí ṣáwà kì í dákẹ́. Bí a bá ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa títí ọwọ́ fi ń roni, yóò ṣì máa kán tó, tó, tó, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ilẹ̀kùn gíláàsì alápá méjì tí bàbá wa fi síbẹ̀, èyí tí a ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ti há: kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó fi ń rìn ti dípẹtà, irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá wa ti fi ẹsẹ̀ kọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ó dẹ́rù bà mí jù ni ògiri pálọ̀ tí ó kẹ́yìn sí balùwẹ̀ náà. Ó ti rin láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n orúnkún, ọ̀dà rẹ̀ ń wú, ó sì ń ṣí bí èèpo iṣu tí ó jinná.

Ẹni tí mo pè wá wò ó kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀ tí ó fi ní kí a fọ́ gbogbo táìlì, kí a wú gbogbo páìpù, kí a sì ra ilẹ̀kùn tuntun. Iye tí ó dá lé e mú mi wá ìjókòó. Àwọn àbúrò mi ń kó ọmọ wọn bọ̀ fún Ojúde Ọba, ẹ sì mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá kì í yẹ̀, ilé yóò kún dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Mo lè lo sípánà, n kì í sì í bẹ̀rù ìdọ̀tí. Èwo nínú rẹ̀ ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe, èwo ni kí n fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ́ṣẹ́?

Púlọ́ńbà Mákùn (Ṣágámù)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ìyá. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù dé ara táìlì yẹn. Omi tí ó hàn ní pálọ̀ kò tíì sọ fún yín pé inú páìpù ni òun ti ń bọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Páìpù tí ó gbé omi láti táǹkì wá sí ìdí ẹ̀rọ ṣáwà kún fún omi tọ̀sán-tòru, nítorí náà bí ó bá ní ihò, yóò máa jò yálà ẹnì kan wẹ̀ tàbí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Páìpù tí ó ti ìdí ẹ̀rọ náà gòkè lọ sí orí ṣáwà kì í rí omi àfi ìgbà tí ẹ bá ṣí i. Bákan náà ni ojú ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà lọ, bákan náà sì ni ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìbéèrè tí ẹ ó kọ́kọ́ bi ògiri yín nìyẹn: ṣé gbogbo ìgbà ló ń rin, àbí ìgbà tí ènìyàn bá wẹ̀ nìkan?

Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fi fa ìlà yí etí ibi tí ó rin ká, kí ẹ sì kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ìyá lọ máa fi korobá wẹ̀ níbòmíràn fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí omi bá kọjá ìlà náà, páìpù tí omi kì í tán nínú rẹ̀ ni kí ẹ fura sí, iṣẹ́ ti di ti bíríkìlà àti púlọ́ńbà nìyẹn. Bí ó bá dúró síbẹ̀ tàbí ó fà sẹ́yìn, òkè ẹ̀rọ tàbí ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà, ẹ lè má fọ́ táìlì kankan rárá. Ṣùgbọ́n orí ṣáwà tí ó ń kán yóò da ìdánwò yìí rú, nítorí pé omi díẹ̀ ń gba páìpù òkè kọjá ní gbogbo ìgbà. Ẹ wá nǹkan ṣe sí kíkán yẹn kí ẹ tó fa ìlà.

Ìdánwò kejì: ẹ fi àkísà dí ojú ihò ìsàlẹ̀ gírígírí, ẹ da omi sí i títí yóò fi jinlẹ̀ tó oríkèé ìka kan, ẹ sàmì sí ibi tí ó dé, kí ẹ sì jókòó tì í fún wákàtí kan. Bí omi náà bá dínkù, ilẹ̀ balùwẹ̀ tàbí etí ihò náà ń mu omi. Ìdánwò kẹta ni ti ilẹ̀kùn. Kí ẹnì kan wà nínú, kí ó máa fi ife da omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn láti igun kan dé èkejì, kí ẹlòmíràn dúró lóde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ó máa wo ibi tí omi yóò ti yọjú. Ẹ má ṣí ṣáwà fún èyí o, torí pé omi tí ó ń ta síbi gbogbo kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ó gbà.

Ará Òde-Rẹ́mọ

Ẹ pe púlọ́ńbà mìíràn, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ló rọrùn jù.

Olùkọ́ Àgbà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ará Òde-Rẹ́mọ, púlọ́ńbà náà lè wá sọ ohun kan náà tí ti àkọ́kọ́ sọ, bí onílé kò bá mọ ohun tí yóò bi í.

Mo fẹ́ fi ìṣirò kékeré kan kún ọ̀rọ̀ yìí nítorí àwọn tí ó rò pé kíkán kì í ṣe jíjò. Bí ẹ̀kán omi mẹ́rin bá kún mìlílítà kan, tí ọ̀kan sì ń kán ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 86,400 ni yóò kán láti àárọ̀ ọjọ́ kan sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó lé ní lítà 21. Kẹ́ẹ̀gì òróró ńlá kan ni ẹ ń dà nù lójúmọ́, omi tí ẹ sì sun epo jẹnẹrétọ̀ láti fà láti inú kànga ni.

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́! N kò jẹ́ ka èyí sí ìyá wa létí. Bàbá Púlọ́ńbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo ni kí n ṣe ṣí ẹ̀rọ náà? Orí méjì ló ní, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún tútù, irú èyí tí a ń yí lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó pa. Híítà wà lókè rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà tàn án.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Kí bàbá tó dáhùn, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ má baà ṣe é. Ní ọdún kan tí ọkọ mi kò sí nílé, ẹ̀rọ ṣáwà wa ń kán, mo sì ti rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo yí fáàfù tí mo rí lábẹ́ táǹkì, mo padà wọlé tìgboyà-tìgboyà, mo sì fi sípánà tú orí ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ tí irin náà fi fò kọjá etí mi, omi táǹkì lítà 2,000 sì tẹ̀ lé e jáde láti inú ògiri bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Fáàfù tí mo yí, ti ilé ìdáná ni. Aṣọ ni mo fi dí ihò náà, ẹ̀yìn ni mo fi tì í, mo sì ń pariwo pe ọmọ aládùúgbò láti orí ilẹ̀ balùwẹ̀ níbẹ̀. Rọ́ọ̀gì pálọ̀ mi kò bọ̀ sípò mọ́.

Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fáàfù, ẹ ṣí ṣáwà náà sílẹ̀ kí ẹ rí i pé omi dá pátápátá. Ẹ dúró tì í. Omi tí ó ṣẹ́kù nínú páìpù á máa dà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá ń dà tí kò rẹ̀, fáàfù tí ẹ tì kọ́ nìyẹn.

Púlọ́ńbà Mákùn (Ṣágámù)

Ẹ kú ewu, ìyá. Wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ sọ. N ó fi ti iná mànàmáná kún un: ẹ pa híítà náà láti ibi fíúsì rẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì ara ògiri nìkan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù kì í bá iná ṣeré.

Ẹ̀rọ tí ẹ ṣàpèjúwe, oníwáṣà ni. Rọ́bà kékeré kan tí ń jẹ́ wáṣà wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ tí ó máa ń tẹ ojú ihò omi pa. Bí rọ́bà yẹn bá gbó, ènìyàn á máa fi agbára tì í, agbára yẹn náà ni yóò sì tún bà á jẹ́ sí i. Ẹ dí ojú ihò ìsàlẹ̀ kí súkúrù má baà wọ ibẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí ìdérí kékeré tí ó wà lórí ọwọ́ ẹ̀rọ, tí a kọ pupa tàbí búlúù sí, ẹ ó rí súkúrù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fa ọwọ́ náà yọ, kí ẹ sì wá fi sípánà tú ọ̀pá tí ó wà nínú. Ẹ mú ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ lọ sí ọjà. Bí ẹ bá fẹnu ṣàpèjúwe wáṣà fún oníṣọ́ọ̀bù, èyí tí ó bá kọ́kọ́ bà lọ́wọ́ ni yóò fún yín.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ ti ìka bọ inú ihò náà, kí ẹ fi pa ojú ibi tí wáṣà ń jókòó lé. Ó yẹ kí ó dán bí etí ife. Bí ẹ bá bá ojú ọgbẹ́ tàbí ibi tí omi ti jẹ bí ehín ayùn, wáṣà tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé orí méjì ni ẹ̀rọ yín ní. Ẹ ti fáàfù omi gbígbóná nìkan ná, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń kán, kí ẹ lè mọ apá tí ó ń ṣe é.

Àwọn tí ilé wọn jẹ́ tuntun, tí ọwọ́ ẹ̀rọ wọn jẹ́ ẹyọ kan tí a ń gbé sókè sódò, ẹ má wá wáṣà kiri. Odidi ohun kan ló wà nínú tiyín tí a ń pè ní káátíríìjì. Òun ni a máa ń yọ, tí a sì máa ń fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò.

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìròyìn. Apá omi tútù ló ń ṣe é. Mo ra wáṣà ní Òkè-Ajé, owó rẹ̀ kò tó ti búrẹ́dì. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì ti ń yan kiri ilé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ni mo tún gbọ́ tó, tó. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, mo sì bá ojú ọgbẹ́ kan ní apá ìsàlẹ̀, ó gùn tó ìrẹsì kan.

Púlọ́ńbà Mákùn (Ṣágámù)

Ìyẹn ni mo ń sọ. Omi tí ó ti ń gba ibì kan náà kọjá láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ti ha irin náà. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí a máa ń yí nínú ihò yẹn tí yóò fi tún dán. Púlọ́ńbà tí ó bá ti dàgbà nídìí iṣẹ́ ní in, ẹ ní kí ó yá yín tàbí kí ó wá yí i fún yín. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ nù ún, ẹ tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má yí i bí ẹni tí ń lọ ata, ẹ ó ha á tán.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ tú orí ṣáwà náà àti apá irin tí ó so ó mọ́ ògiri. Ẹ yọ téèpù àtijọ́ kúrò lára ìlà yíyí rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi téèpù funfun tí àwa púlọ́ńbà ń pè ní tíréèdì téèpù wé e ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Apá ibi tí irin náà yóò yí sí nígbà tí ẹ bá ń dè é ni kí ẹ wé e sí. Bí ẹ bá wé e sódì, dídè ni yóò máa tú u. Ibi tí apá yẹn ti wọ inú ògiri ni mo ti máa ń rí omi tí ó ń ṣàn sẹ́yìn táìlì, tí onílé á sì máa bú páìpù tí kò ṣẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Bí orí ṣáwà náà bá ní èèpá funfun, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú. Ẹ̀yin ará Ṣágámù ní irú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì níbẹ̀ láti 1978 wà lábẹ́ ilẹ̀ yín, omi tí ó bá sì gba àárín irú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da fínígà, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá pọ̀ mọ́ bílíìṣì. Èéfín olóró tí ń jẹ́ kilorín ni yóò jáde, balùwẹ̀ sì kéré fún ẹni tí ó fẹ́ sá. Bí ẹ bá lo ọ̀kan lónìí, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí ẹ sì fi èkejì sí ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kíkán ti dáwọ́ dúró, ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí. Mo fa ìlà sí ògiri pálọ̀, ìyá wa sì ń bi mí bóyá mo fẹ́ kọ́ ilé mìíràn sínú pálọ̀ wọn. Fún ọjọ́ márùn-ún tí a kò wẹ̀ níbẹ̀, omi kò kọjá ìlà. Omi tí mo dà sí ilẹ̀ kò dínkù fún wákàtí kan. Nígbà tí mo wá ń fi ife da omi sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, igun apá òsì, níbi tí irin ìsàlẹ̀ ti pàdé irin ògiri, mu ife méjì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kò sì sí ẹ̀kán kan tí ó jáde sóde. Abẹ́ irin náà ni omi ń gbà wọ inú ògiri lọ! Ilẹ̀kùn ni ọ̀daràn. Ó ti tó àkókò kí ó kúrò. Ta ni ó mọ bí a ṣe ń yọ ọ́?

Alálumíníọ́mù Ìpẹru

Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí pé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti lè jáde nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo igun gíláàsì kọ̀ọ̀kan dáadáa, bóyá ẹ ó rí àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí ó bá wà, gíláàsì tí wọ́n fi iná sè kí ó lè le ni. Irú rẹ̀ kì í fọ́ sí ṣóńṣó gígùn, wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ olókùúta ló ń fọ́. Ẹ lè fi ọwọ́ gbá àárín rẹ̀ kí ó má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí igun rẹ̀ bá fi díẹ̀ kan táìlì, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ kò bá rí àmì, ẹ kà á sí gíláàsì lásán tí ń fọ́ bí idà, ìyẹn sì burú jù. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ẹ lẹ téèpù fífẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì láti igun dé igun, kí ó ṣe àgbélébùú, kí ẹ tún lẹ ẹ yí etí rẹ̀ ká. Téèpù kò ní kí ó má fọ́, ṣùgbọ́n yóò dì í mú bí ó bá fọ́. Bàtà tí ó bo ìka, ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, jígí lójú, ṣòkòtò gígùn. N kò fi ìkankan ṣeré nínú ìwọ̀nyí.

Ẹ má dá a ṣe. Gíláàsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 70, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 185, bí ó bá nípọn mìlímítà 6, yóò wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 19. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 8, ó tó 26, ìyẹn ju ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì lọ. Àpò sìmẹ́ńtì ṣeé gbá mọ́ra. Èyí ń yọ̀ lọ́wọ́, kò sì fẹ́ kí ẹ fi igun rẹ̀ kan nǹkan kan. Ẹ tẹ́ fóòmù àtijọ́ tàbí ẹní sí ilẹ̀ láti ẹnu balùwẹ̀ títí dé ibi tí ẹ ó gbé e sí, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Kẹ̀kẹ́ tí ó dípẹtà, ẹ fi epo tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ sí i ní alẹ́, kí ẹ padà wá ní àárọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ní àárín: ohun kékeré kan tí a fi súkúrù kàn mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí gíláàsì máa fì. Ẹ tú u. Apá tí ó wà nínú ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ. Kí ẹni méjì di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, kí ẹ gbé e sókè tààrà títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò fi kúrò lórí irin òkè, kí ẹ wá fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá gbéra, ẹ má fi ohunkóhun tì í sókè tipátipá. Ẹ tún wò ó, súkúrù kan wà tí ẹ kò rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn ni kí ẹ fi gbé e dúró, lórí fóòmù, kí ó fara ti ògiri níbi tí ọmọdé kò dé.

Irin ni ó kù. Èyí tí ó wà lókè sábà máa ń jókòó lásán lórí àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé e sókè, yóò wá. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ní súkúrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó wọ ògiri. Ẹ fi abẹ gé sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn gọ́ọ̀mù bíi rọ́bà tí wọ́n fi dí etí irin, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó tú wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táìlì ni yóò bá irin jáde. Súkúrù tí orí rẹ̀ ti jẹ, tí kò gba súkúrúdíráfà mọ́, ẹ fi dírílì jẹ orí rẹ̀ kúrò, irin á bọ́ sílẹ̀, ẹ ó sì fi ẹ̀mú fa ìdí rẹ̀ yọ. Irin ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ sílíkọ́ọ̀nù nìkan ló dì í mú. Ẹ gé e láti inú, ẹ gé e láti òde, kí ẹ wá ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀ láti igun kan, kí ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ̀mí yín yóò fẹ́ kí ẹ fi òòlù lù ú, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kù: àwọn kan á ní kí ẹ gé gíláàsì náà fi ṣe tábìlì. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n sè níná, kò ṣeé gé, kò ṣeé lu. Oníbàárà mi kan kò gbà bẹ́ẹ̀, ó gbé tirẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì jọ fi ìgbálẹ̀ kó o.

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ó ti jáde! Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la ṣe é ní ọjọ́ Sátidé, ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ lórí irin ìsàlẹ̀ nìkan. Gíláàsì méjèèjì kò ní ìpalára. Táìlì kan sán níbi súkúrù tí mo fi dírílì jẹ, ẹ̀bi mi ni, mo tẹ̀ ẹ́ jù. Nígbà tí irin ìsàlẹ̀ gbéra, a rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: sílíkọ́ọ̀nù dúdú bí ẹ̀dọ̀ gbígbẹ, ìlà funfun tí ọṣẹ fi sílẹ̀, àti ní igun òsì, ihò kan tí ìka mi wọ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́, tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ àná. Ó hàn pé ẹni tí ó gbé ilẹ̀kùn náà síbẹ̀ ló lu ihò yẹn, tí kò sì dí i.

Kí ni kí n fi dí àwọn ihò yìí àti etí ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀? Mo ní sìmẹ́ńtì funfun nílé.

Púlọ́ńbà Mákùn (Ṣágámù)

Sìmẹ́ńtì funfun tó. Ẹ pò ó kí ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, kì í ṣe bí ìkọ́kọrẹ́ tí ó ní kókó nínú, kí ẹ fi dí i.

Alálumíníọ́mù Ìpẹru

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí n takò yín níbí. Fún ihò súkúrù àti àárín táìlì àti táìlì, sìmẹ́ńtì funfun dára. Ṣùgbọ́n ní igun tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, ohun méjì ni kì í rìn papọ̀ bí ooru bá dé tàbí bí ènìyàn bá tẹ ilẹ̀ náà. Sìmẹ́ńtì kò ní na, yóò sán ní ìlà tín-ín-rín tí ojú kò ní rí, omi á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù ni kí ó wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, nítorí pé tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó, kí ẹ fi tapẹntáìnì díẹ̀ nu èyí tí ó bá ṣẹ́kù, kí ibẹ̀ sì gbẹ. Ẹ fà á ní ìlà kan láìdúró, kí ẹ fi ìka tí ẹ rì sínú omi ọṣẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí omi má kàn án títí di ọjọ́ kejì.

Púlọ́ńbà Mákùn (Ṣágámù)

Ti igun, ó tọ̀nà. Mo gbà. Ti ihò rírọ̀ yẹn, ẹ kó sìmẹ́ńtì jíjẹrà inú rẹ̀ jáde kí ẹ fi sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó dí i, àbí ẹ ó kàn bo omi mọ́nú.

Ìyá Ìkẹ́nnẹ́

Ti ìyá ń kọ́? Kí ni ẹ fi rọ́pò ilẹ̀kùn? Kọ́tìnnì onírọ́bà ni mo fi sí tèmi, ọ̀pá rẹ̀ kò sì lu ihò kankan, fífún ni a fún un mọ́ àárín ògiri méjì. Ẹ má jẹ́ kí ìyá fi ọ̀pá yẹn ṣe ìdìmú o, yóò bá wọn wálẹ̀ ni. Irin ìdìmú tí wọ́n kàn mọ́ ògiri gidi ni kí ẹ wá fún wọn.

Ọmọ Ìta-Alẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo ti ra kọ́tìnnì náà, ìyá wa ló yan àwọ̀ rẹ̀, ó pupa ju ohun tí èmi ìbá mú lọ. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ irin ìdìmú, pé àwọn kì í ṣe arúgbó. Bíríkìlà á wá kàn án ní Ọjọ́bọ̀ lọ́nàkọnà. Alálumíníọ́mù, gíláàsì méjèèjì ní àmì ní igun, mo sì ti gbé wọn sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú aṣọ lórí.

Fún àwọn tí wọ́n ń bèèrè nípa ògiri pálọ̀: n kò tíì kùn ún. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí a ti ń wẹ̀ níbẹ̀ padà, omi sì ti fi ìlà pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Mo ti fa ìlà kejì sí abẹ́ rẹ̀, mo sì kọ déètì òní síbẹ̀.